Nígbà Tí Iná Oòrùn Kú ní Gberefu

Gberefu,
Lójú omi Badagry.

Sẹ̀nàmí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé Ìkẹjà ń gbà ọ́? Èmi wà níbí bí o ṣe fi mí sílẹ̀, àfi orúnkún òsì tó ń bá mi ṣàríyànjiyàn nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ rìn lórí iyanrìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí o pè mí lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí o ní wọ́n ti gbà ọ́ sí ọ́fíìsì tó ń ṣètò iná mànàmáná ní Ìpínlẹ̀ wa, orí ìdúró ni mo wà tí mo fi jó. O ní òfin tuntun ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́: pé gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta iná gbọ́dọ̀ máa fa ìpín kan nínú rẹ̀ láti inú oòrùn, afẹ́fẹ́ tàbí omi, láìsí èéfín, àti pé ẹni tí kò bá ṣe é yóò san ìtanràn. O ní, "Màmá, àwa la máa kọ ọ́ o!" O ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yíjú padà láti sọ ọ́ fún ẹnìkan. Kò sí ẹnìkankan nínú ilé.

Mo wá rìn lọ bá Ìyá Mautin ní ilé kejì. Ó ń yí ẹja lórí ààrò. Mo ní ọmọ mi ti wọ ọ́fíìsì iná. Ó bi mí pé, "Ṣé ó máa gbé tiransifọ́mà wá fún wa ni?" Mo ní rárá, òfin ni wọ́n fẹ́ kọ. Ó ní, "Òfin ṣá?" Ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀. Bí mo ṣe gbé ayọ̀ mi padà sílé nìyẹn, èmi nìkan.

Ọmọ mi, láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu mi, etí ló wọ́n. Mo ṣì máa ń pọn omi ìwẹ̀ sínú garawa méjì. Bí mo bá ti pọn ún tán ni mo máa ń rántí. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ní A-B-D ti ṣí lọ sí Badagry, sí Morogbo, àwọn mìíràn ti gba Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu. Bí òkun bá sinmi ariwo díẹ̀, mo lè gbọ́ bí àgbọn ṣe ń já bọ́ láti orí igi ní ìkángun abúlé. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn. Fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá rẹ kò jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ó ní, "Tíṣà, jẹ́ kí ọmọ ó kàwé rẹ̀." Ọmọ ti wá kàwé tán o, wọ́n sì ti fi gègé lé e lọ́wọ́ pé kó máa pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Mo rò pé bí bàbá rẹ bá wà láyé, òun náà yóò ní kí n wí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyí: má fi ojú ọ̀tá wo ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá péjọ sí. Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ èéfín, bí ó ṣe ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, bí ó ṣe ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn lè gbàgbé pé ẹnìkan ń jẹun nídìí èéfín náà. Ìwọ jẹun níbẹ̀. Nígbà tí mo kúrò ní Ọ̀tọ̀, ilé bàbá mi, tí mo sọdá ọ̀sà wá síbí láti wá ṣe tíṣà, àtùpà ni gbogbo abúlé ń tàn. Àgósù bàbá rẹ ni ẹni àkọ́kọ́ tó mú iná débí. Jẹnẹrétọ̀ àlòkù ni. Inú ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ ló fi gbé e, ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rì lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin so okùn mọ́ ọn, wọ́n wọ́ ọ gba orí iyanrìn bí ẹni ń wọ́ àwọ̀n tó kún fún ẹja, wọ́n ń kọrin Ègùn tí n kò tíì gbọ́ nígbà náà. Ó kọ́ àgọ́ páànù sí ẹ̀yìnkùlé wa fún un. Ó ta wáyà láti ilé wa lọ sí ilé Ìyá Mautin, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń kó ẹja sínú fíríìsà, lọ sí ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Àwọn èèyàn á jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, wọ́n á máa dúró de fóònù wọn tó ń gba iná, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Ilé wa kún, Sẹ̀nàmí. O kò lè rántí ọjọ́ kan tí ilé wa kò kún.

Àmọ́ o rántí ariwo rẹ̀. Nínú ariwo yẹn lo ti ń kàwé. Èmi àti bàbá rẹ náà, inú ariwo yẹn la ti ń ṣe tọkọtaya. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Kí lo wí?" Màá tún un sọ. Nígbà tó yá, bí ó bá tilẹ̀ ti pa ẹ̀rọ náà, á ṣì ní, "Kí lo wí?" Mo rò pé àfiyèsí ni kò sí. Mo bínú sí i dáadáa nígbà náà. Kó tó di pé a mọ̀ pé etí ló ń lọ, etí ti lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ òfin yín, tí ẹ dé ibi tí ẹ ti máa fòfin de èéfín, rántí pé ẹni tó dúró nídìí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mu ún, ariwo tí aládùúgbò ń sá fún, òun ló ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ẹ ó fi sí i lọ́wọ́? Ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí bí sólà ṣe dé.

Ọdún tí o wọ yunifásítì ni. Ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀, àwọn èèyàn ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fìlà líle lórí wọn. Wọ́n ní àṣẹ ti wá láti òkè pé kí ilé-iṣẹ́ àwọn fi iná mímọ́ sí abúlé tí okùn iná ìjọba kò dé. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n to àwọn páńẹ́lì sórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kékeré wa, wọ́n fi bátìrì sínú yàrá kan. Nígbà tí wọ́n tan án, gbogbo èèyàn hó yèè. Wọ́n ya wá ní fọ́tò. Baálẹ̀ fún wọn ní àgbọn. Wọ́n lọ.

Ọmọ mi, kò yẹ kí n purọ́ fún ọ: ó dára. Ó dára púpọ̀. Kò rùn, kò kígbe. Àwọn obìnrin kó ẹja wọn síbẹ̀, àwọn ọmọ kàwé lábẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà bàbá rẹ. Wọn kò ṣe é tìjàtìjà. Kálukú ká wáyà tirẹ̀ dáadáa, ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní, "Àgósù, a dúpẹ́ o," ó lọ. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, wáyà ti di òkìtì ní ìta wa.

Bàbá rẹ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ dé. Mo jókòó sórí ibùsùn wa, mo sì gbọ́ òkun. Ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ni mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn nínú yàrá yẹn. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé. Mo sáré jáde lọ bá a ní àgọ́ ẹ̀rọ, mo ní, "Bàbá Sẹ̀nàmí, ṣé ẹ gbọ́ òkun?"

Ó wo ẹnu mi. Ó ní, "Kí lo wí?"

Mo ní kò sí nǹkan.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa mọ́. Òun nìkan ló máa ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, tí yóò kọjú sí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Bí àwọn èèyàn bá ń kọjá, wọ́n á kí i, kò ní gbọ́, wọ́n á rò pé inú ń bí i ni. Wọ́n wá ṣíwọ́ kíkí i. Sẹ̀nàmí, bí o bá pè nígbà yẹn, tí mo ní bàbá rẹ kò sí nítòsí, ó wà nítòsí. Kò lè gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù mọ́ ni, ojú sì ń tì í láti jẹ́ kí o mọ̀.

Ìgbà òjò kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin wọn díẹ̀díẹ̀. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹyin ẹja. Lẹ́yìn náà kò tàn ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Nígbà tó ṣe, ó kú pátápátá. Wọ́n pe nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ẹja àwọn obìnrin bàjẹ́. Ìyá Mautin da agbọ̀n ẹja sínú òkun pẹ̀lú omijé lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa wá bá wa. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ará Ìjánikin. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wà nínú fíríìjì, yìnyín tí mo kó sí i ti ń yọ́."

Inú ń bí mi. Mo ṣì ń rí òkìtì wáyà yẹn lójú mi. Mo ní, "Ẹ lọ bá àwọn tó ni sólà." Bàbá rẹ kò gbọ́ mi, tàbí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ojú nọ́ọ̀sì ló ń wò. Ó dìde, ó pe àwọn ọkùnrin, wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ náà gba orí iyanrìn lọ sí ilé ìwòsàn. Epo tirẹ̀ ló rọ sí i.

Bí ẹ̀rọ ṣe ké lọ́jọ́ yẹn, gbogbo abúlé sáré wá. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Àgósù, ọba iná! Ẹ wá bá wa ta wáyà padà." Àwọn kan ti kó owó lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ ohun tí èyí jẹ́ fún wa: ọdún tó kù kí o jáde ni, a kò sì tíì mọ ibi tí owó ilé-ìwé rẹ yóò ti wá. Mo rò lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ló dáhùn àdúrà yìí. Mo ti ń wá ibi tí mo kó wáyà sí.

Bàbá rẹ ní òun yóò máa tan án fún ilé ìwòsàn, àmọ́ òun kò ní ta wáyà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ká lọ bá ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n wá tún sólà wọn ṣe.

Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo kígbe: "Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn oúnjẹ yín ni?"

Ó ní, "Tíṣà, ṣé o ò gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ̀rọ̀? Èmi pàápàá ti ń gbọ́ ọ."

Òótọ́ ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ẹ̀rọ náà fi wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ yẹn ti ń kígbe bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ń kígbe mọ́ àwọn ìyá ọmọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Bàbá rẹ ní, "Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tó dá mi dúró. Ó ní, "Nígbà wo ni mo gbọ́ ohùn Sẹ̀nàmí gbẹ̀yìn?" Mo wọlé lọ yan aṣọ tí a ó wọ̀.

A sọdá sí Badagry, a wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a kọjá ní Ọ̀tọ̀, ó fọwọ́ tọ́ mi, ó nawọ́ sí ìhà ilé bàbá mi bí ìgbà tí a ń fẹ́ ara wa sọ́nà. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó gbé sólà wá, wọ́n ní ká dúró. A dúró títí tí ebi fi ń pa wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá pè wá wọlé. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Mo ṣàlàyé. Ó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Màmá, Gberefu ti ní iná. Ó wà níbí."

Mo ní, "Ó ti kú, ọmọ mi."

"Màmá, àṣẹ tí ìjọba pa fún wa ni pé ká gbé e síbẹ̀. A sì ti gbé e síbẹ̀. Wọ́n ti kà á mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ta ló wá yẹ kó tún un ṣe?"

Ó ní, "Ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n ní ká ṣe, mà."

Bàbá rẹ ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo tèmi. Ó ní, "Kí ló wí?" Mo ní láti kígbe sí i létí nínú ọ́fíìsì tó tutù nini yẹn, tí gbogbo èèyàn fi yíjú sí wa: "Ó ní wọ́n ti gbé e dé! Ó ní títún un ṣe kò sí nínú òfin!"

Àgósù ṣí fìlà rẹ̀. Ó dìde. Adití kì í mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ọkọ̀ láti òdìkejì ọ̀sà. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ni jẹnẹrétọ̀ tó wà ní Gberefu. Bí sólà yín bá kú, èmi ni èrè dé bá. Èmi yìí náà ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ wá tún un ṣe."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sún àga fún un. Ó bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi wá bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó gba iṣẹ́ yín?"

Bàbá rẹ kò gbọ́ ìbéèrè náà. Ó dáhùn pé, "Ojú omi la ti ń bọ̀. A ò tíì jẹun."

N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló jáde lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún wa, ó dúró tì wá títí a fi jẹ ẹ́ tán. Ó wá ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni kò wá sọ fún wa rí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, iná yín ń tàn."

Àbẹ̀kẹ́, gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí o gbé dání lọ sí ọ́fíìsì rẹ. Ẹni burúkú kọ́ ni ọmọ yẹn. Wọ́n ní kó gbé iná dé, ó gbé e dé. Àwọn tó kọ àṣẹ ni kò béèrè ju ìyẹn lọ. Àwọn baba wa ní ìyàwó gbígbé kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "kí wọ́n gbé e síbẹ̀", wọn yóò gbé e síbẹ̀, wọn yóò ya fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ pé kí ó máa tàn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá kú, àti ẹni tí abúlé yóò pè tí yóò dáhùn. Má sì ka iná tí o kò bá fojú rẹ rí pé ó ń tàn mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí mo ṣe dárúkọ òfin yìí, ó mú mi rántí ọ̀gá ilé-ìwé tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ níbí. Àlejò bíi tèmi ni. Ó ṣòfin pé bí agogo bá ti lù, kí a ti ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá pẹ́ padà sílé. Èmi ni mo máa ń tì í. Ṣùgbọ́n àkókò agogo yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fa àwọ̀n ńlá ní etí òkun, gbogbo ọwọ́ ló sì gbọ́dọ̀ wà nídìí okùn, tọmọdé tàgbà. Àwọn ọmọ á sáré dé pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Kíláàsì ń ṣófo. Ọ̀gá wa ní ará Gberefu kò fẹ́ràn ìwé. Ìyá àgbà kan ló wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn. Àwa wá." Wọ́n sún agogo síwájú díẹ̀, kíláàsì kún. Ìyá àgbà yẹn ló wá di ìyá ọkọ mi. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí ẹ tó pa àṣẹ, ẹ béèrè àkókò tí wọ́n ń fa àwọ̀n.

A lọ sí ọ́fíìsì yẹn, a bọ̀, a tún lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fi wá sílẹ̀, ó ń bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jiyàn nítorí wa. Nígbà tó pẹ́, wọ́n wá. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n fi irin tí kì í tètè dípẹtà rọ́pò àwọn kan, wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì àti ọmọbìnrin Ìyá Mautin bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo páńẹ́lì ló padà ṣiṣẹ́, àmọ́ èyí tó ṣiṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ọjọ́ tí iná padà dé, wọn kò dárúkọ bàbá rẹ nínú ìdúpẹ́ tí wọ́n ṣe. Ó wà ní ẹ̀yìn, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ń pàtẹ́wọ́.

Ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló tà láti fi san owó ilé-ìwé rẹ tó kù. O bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí bàbá kò lọ sójú omi mọ́, mo ní àgbà ló ń dé. Kì í ṣe àgbà. Ó ní bí o bá mọ̀, o lè kúrò ní ilé-ìwé. Má sunkún lórí ìwé yìí, ìnkì rẹ̀ kò lágbára.

Ọ̀rọ̀ kan kù, mo sì fẹ́ kí o fara mọ́ mi níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ yìí, iṣẹ́ àdáwà ni. Bí o bá sọ òótọ́ fún ilé-iṣẹ́ kan pé iná tí wọ́n kà kò tàn, wọn yóò ṣíwọ́ kíkí ọ. Bí o bá kọ ẹ̀bùn wọn, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lọ́sàn-án lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jẹun níbòmíràn. Mo ti bá ẹni tí wọ́n ṣíwọ́ kíkí gbé, mo mọ bí ó ṣe ń rí lójú èèyàn. Nígbà tí ó bá dé bá ọ, má jẹ́ kí ó sọ ọ́ di ẹni tí ń kanra. Wá ẹnìkan, ì báà jẹ́ ẹnìkan péré, tí o lè jókòó tì láìsọ̀rọ̀. Lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ. Bí o bá rí ọkùnrin tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí yóò sì yé e, mú un wá kí n rí i.

O ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Jẹ́ kí n ṣì wà níbí ná. Níbí ni mo ti mọ orúkọ atẹ́gùn kọ̀ọ̀kan, Ègùn tí mo ń sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń jẹ eegun ẹja sì ti wá dán lẹ́nu mi nígbà tí àwọn tí mo lè bá sọ ọ́ ń dín kù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o wá, kí ẹ tó fọwọ́ sí òfin yẹn. Má wá pẹ̀lú ọkọ̀ ọ́fíìsì àti ayàwòrán. Wá bí ọmọ ṣe ń wálé, kí o rí ohun tí ẹ fẹ́ pàṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ. Wàá rí i pé iná wa ń tàn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń tan gbogbo gílóòbù inú ilé, pálọ̀, yàrá rẹ, ibi ìdáná. Ibi gbogbo á mọ́lẹ̀ kedere. Mo máa ń rí gbogbo àga tó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Èèyàn ni kò sí lórí wọn.

Kí Ọlọ́run tó dá oòrùn máa ṣọ́ ọ jáde, kó máa ṣọ́ ọ wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Tíṣà Àgósù.